Ọwọ́ Tó Tó Pẹpẹ àti Ọwọ́ Tó Wọ Akèrègbè

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo lọ gba káàdì ìpè ìgbéyàwó ọmọ mi ní ilé ìtẹ̀wé kan tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ dá sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó dákẹ́ ni mo bá, bébà há sí i lẹ́nu, orúkọ ọmọ mi ti hàn lára rẹ̀, ti ọkọ rẹ̀ kò tíì jáde. Ẹ̀gbọ́n ní òun lòun fowó òun ra ẹ̀rọ. Àbúrò ní òun lòun mọ bí a ṣe ń tan án. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Gbogbo ilé tó ní pẹpẹ ló mọ èyí, àfi ilé tí owó bá ti wọ̀.

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ Duryea ni mo ń rántí. Charles, tí wọ́n bí ní 1861 ní Amẹ́ríkà, àti Frank àbúrò rẹ̀, tí wọ́n bí ní 1869, jẹ́ oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere kí ọ̀rọ̀ mọtò tó wọ̀ wọ́n lórí. Ní ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wọ́n ra kẹ̀kẹ́ ẹṣin àlòkù kan ní 70 dọ́là, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣe iṣẹ́ tí ẹṣin ń ṣe. Charles ló kọ́kọ́ ronú kàn án, òun náà ló sì wá ẹni tó fowó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọdún 1892 tó parí, ó ti kó lọ sí Peoria, ní Illinois, nítorí òwò kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì fi Frank sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó kọ̀ tí kò jí. Frank ló ń tú u, tó ń tún un tò, títí tí ọkọ̀ náà fi rìn lójú títì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1893. Ọkọ̀ náà wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Smithsonian ní Amẹ́ríkà títí di òní.

Ta ló wá ṣe mọtò náà? Bí Charles kò bá rò ó, kí ni Frank ìbá tò? Bí Frank kò bá sì tò ó, èrò Charles ìbá ti kú sórí bébà.

Ẹ wo ohun tí ọwọ́ méjèèjì ṣe kí wọ́n tó túká. Ní 1895, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Duryea Motor Wagon Company sílẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún náà, nínú yìnyín tó bo ilẹ̀, ọkọ̀ mẹ́fà gbéra nínú eré ìje láti Chicago lọ sí Evanston àti àbọ̀, nǹkan bíi máìlì 54. Irin tí Frank fi ń darí ọkọ̀ kán lójú ọ̀nà. Ó yà sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó tún un ṣe, ó sì tún gbéra. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá ó lé díẹ̀ ló dé ṣáájú gbogbo wọn, ó sì gba 2,000 dọ́là. Ọkọ̀ kan péré, Benz ti ilẹ̀ Jámánì, ló tún dé, òtútù sì ti mú awakọ̀ rẹ̀ dákú, ẹlòmíràn ló wà á wọlé.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n fi àwòṣe kan ṣoṣo ṣe mọtò 13, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, Henry Ford ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi àáké fọ́ ògiri ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Detroit, nítorí pé ọkọ̀ tó kọ́ kò gba ẹnu ọ̀nà jáde!

Nígbà tó fi di 1898, àwọn ọmọ ìyá méjì náà ti pínyà, ilé-iṣẹ́ náà sì ti kógbá sílé. N kò ní sọ pé ìjà nìkan ló pa á, nítorí pé ohun kan ṣoṣo kì í sábà pa òwò. Ṣùgbọ́n àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí oká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Oká, ìyẹn Charles, lọ sí Peoria àti ìlú Reading, paramọ́lẹ̀, ìyẹn Frank, lọ bá ilé-iṣẹ́ Stevens tó ń ṣe ìbọn, ó sì ń ṣe ọkọ̀ Stevens-Duryea níbẹ̀. Nígbà tí Ford sì dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1903, ta ni ìbá dúró dè é lọ́nà? Ọ̀rọ̀ ta ló ṣe mọtò kọ́kọ́ kò tán láàárín wọn títí Charles fi kú ní 1938. Frank pé ẹni ọdún 97 kó tó kú ní 1967, nígbà tí ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gun Ford kò mọ èyí tí í ṣe Charles tàbí Frank nínú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣòwò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní: ẹni tó mú owó wá, ẹni tó mú ọwọ́ wá, àti iye tó kan kálukú. Ìtìjú ni pé ẹ̀yin tó ń tẹ ìwé àdéhùn fún gbogbo àdúgbò kò ní ẹyọ kan láàárín ara yín. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ tí ẹ rà kò lè tan ara rẹ̀. Ìwọ àbúrò, afẹ́fẹ́ kọ́ lo ń tàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa bébà yẹn yọ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ kí ẹ tẹ orúkọ ọkọ ọmọ mi sí i, nítorí pé ọ̀sẹ̀ méjì ló kù, àwọn àna mi kò sì bá mi dá ọjọ́ pé kí ẹ kọ́kọ́ parí ẹjọ́ yín.