Owó ìjọba kọ́ ló ń gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ ilé ìwé

"Bí ìjọba bá ti tọwọ́ bọ ilé ìwé, ẹ̀sìn ti tán níbẹ̀ nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sí mi. Bàbá mi máa ń sọ ọ́, pásítọ̀ ìjọ wa máa ń sọ ọ́, ààfáà tí a jọ gbé àdúgbò nígbà èwe mi náà máa ń sọ ọ́. Lóṣù tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan níbí ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún tún gbé e kalẹ̀. À ń sọ̀rọ̀ nípa ilé ìwé àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tó wà ní agbègbè Harrow, tí ìjọba ń sanwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí n máa wò ó, pé kò ní pẹ́ tí ìjọba á fi ní kí wọ́n palẹ̀ ojúbọ wọn mọ́, torí ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ilé ló ń pàṣẹ nínú ilé. Gbogbo tábìlì ló gbà pẹ̀lú wọn. Mo fẹ́ fèsì, ariwo ìlù kò jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fèsì níbí, torí ìgbàgbọ́ yìí ti ń ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà, ní Ìlú Ọba àti nílé.

Krishna Avanti ni orúkọ ilé ìwé náà. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008 ni wọ́n ṣí i, òun sì ni ilé ìwé Híńdù àkọ́kọ́ tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ ní gbogbo Ìlú Ọba. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìwé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó dá a sílẹ̀ bá ISKCON tan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn olùfọkànsìn Krishna tí a máa ń rí ní Oxford Street, tí wọ́n ń lu ìlù, tí wọ́n ń kọrin lọ láàárín èrò. Harrow sì ni ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀: nínú ìkànìyàn ọdún 2021, ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ará ibẹ̀ tó pe ara wọn ní Híńdù. Kò sí agbègbè mìíràn ní Ìlú Ọba tí wọ́n ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Wọn ò fi ẹ̀sìn wọn pamọ́ kí owó lè wọlé. Inú ilé ìwé gan-an ni wọ́n kọ́ ojúbọ sí, òkúta mábù funfun tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ní Íńdíà. Ilé ìdáná wọn kì í se ẹran, kì í se ẹja, ẹyin kò sì sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń kọ́ Sanskrit, èdè tí wọ́n fi kọ ìwé mímọ́ wọn, bí ọmọ ilé kéú ṣe ń kọ́ Lárúbáwá lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ń ṣe yoga, wọ́n ń kọrin ìyìn, wọ́n sì ń jókòó jẹ́ẹ́ láti ṣàṣàrò. Ìjọba ló ń san owó oṣù olùkọ́, òun ló ń san owó iná, òun ló ń ra ìwé. Láti 2008 títí di òní, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé Krishna jáde.

Ẹ jẹ́ kí n fi èkejì rẹ̀ hàn yín. Kí Krishna Avanti tó dé, ilé ìwé Híńdù kan wà ní Neasden, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ḿpìlì ńlá olókùúta funfun tí àwọn àlejò máa ń lọ wò. Swaminarayan School ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1992 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, àwọn òbí ló ń sanwó. Bí ìgbàgbọ́ wa bá jẹ́ òótọ́, òun ló yẹ kó pẹ́ jù, torí kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún un. Ó ti kógbá sílé. Èyí tí ìjọba ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ ló ṣì dúró.

Kí ló wá ń dáàbò bo ẹ̀sìn nínú ilé ìwé tí ìjọba ń sanwó rẹ̀? Ìwé ni. Ìwé àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀, tí òfin sì dúró tì, ni mo ń sọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ilé ìwé tí Krishna Avanti jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní voluntary aided. Àwọn ẹlẹ́sìn tó dá irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ló ń yan àwọn tó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó rẹ̀. Òfin kò fi èyí sílẹ̀ fún inú rere ẹnikẹ́ni: àwọn tí ẹlẹ́sìn bá yàn gbọ́dọ̀ fi ẹni méjì ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Àwọn ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́, wọ́n sì lè wo ẹ̀sìn olùkọ́ kí wọ́n tó gbà á. Àdúrà òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ bá ìwé ìdásílẹ̀ ilé ìwé mu, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn náà bẹ́ẹ̀. Tí aláyẹ̀wò ìjọba bá dé, yóò wo ìṣirò, yóò wo ìwé kíkà, yóò wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa sọ bóyá àdúrà wọn dáa. Ẹni tí ìgbìmọ̀ ilé ìwé fúnra rẹ̀ bá yàn ló máa wá yẹ ìyẹn wò, òfin ètò ẹ̀kọ́ ọdún 2005 ló sọ bẹ́ẹ̀ ní abala 48. Bí ilé ìwé bá sì padà di àkádẹ́mì, ìyẹn ilé ìwé tó ń gba owó rẹ̀ tààrà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ láìsí lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìwé àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú mínísítà ni wọ́n á kọ àwọn ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn rẹ̀ sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ owó ti ṣe kedere jù lọ rèé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1944 jáde, ìdajì owó ilé kíkọ́ àti àtúnṣe ńlá ni ìjọba ń fún àwọn ilé ìwé aided wọ̀nyí. Ìjọ ló ń wá ìdajì yòókù. Apá ìjọ kò ká a, wọ́n kígbe. Ní 1959, ìjọba gbé tirẹ̀ lọ sí ìdá 75 nínú 100. Ní 1967, ó di 80. Ní 1975, ó di 85. Láti 2002, ó ti di 90, tó túmọ̀ sí pé ìdá 10 péré ló kù sọ́rùn ìgbìmọ̀ ilé ìwé. Tí owó ìjọba bá ń jẹ ẹ̀sìn bí ikán ṣe ń jẹ igi, ó yẹ kí a rí i pé bí owó ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀tọ́ wọn ń dín kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó gorí owó fún ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, àwọn tí ẹlẹ́sìn yàn ṣì ló pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀, àdúrà ṣì wà bó ṣe wà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á rán mi létí àwọn ilé ìwé tí wọ́n ń pè ní controlled. Òótọ́ ni, lọ́dún 1944 yẹn náà, ìjọ tí kò lágbára láti wá ìdajì owó lè ní kí ìjọba gbé gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìjọ Áńgílíkà ló sì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàdánù ipò àwọn tó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wọn sì di èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ gbà lé lórí, àyàfi fún ọmọ tí òbí rẹ̀ bá bèèrè fún ti ìjọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ka ìwé kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀, àdúrà òwúrọ̀ àwọn náà sì ṣì ń tẹ̀ lé ìwé ìdásílẹ̀ wọn títí di òní.

Níbo wá ni àwa ti rí ìgbàgbọ́ wa? Mi ò lè dá bàbá mi lẹ́bi, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń sọ. Ilé ìwé tí mo lọ nílùú wa, míṣọ́nnárì ló kọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà nínú ọgbà rẹ̀, onípáánù, fèrèsé rẹ̀ ní gíláàsì aláwọ̀ mẹ́ta. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, àga tó ti kán ni wọ́n tò síbẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ pẹpẹ. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú irinṣẹ́ oko. Lára pátákó ẹnu ọ̀nà, ẹ ṣì lè ka orúkọ ìjọ lábẹ́ ọ̀dà tí wọ́n fi bò ó, bí oòrùn bá là á dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká to ìtàn náà bó ṣe wáyé. Ọdún 1882 ni òfin ti wà ní Èkó tó ní kí ìjọba máa fún ilé ìwé míṣọ́nnárì lówó ìrànwọ́. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìwé tí ọmọ wọ̀ ṣì jẹ́ ti ìjọ, ìjọba ń san owó olùkọ́. Ṣé ẹ̀sìn kúrò níbẹ̀ nígbà náà? Ẹ bi àwọn ìyá àti bàbá wa tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wọ ilé ìwé ní Múfútáù, tó jáde ní Mọ́síìsì. Torí ẹ̀sùn yẹn ni àwọn Mùsùlùmí Èkó fi dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, kí ọmọ wọn lè kàwé láìyí orúkọ padà. Ẹ̀sìn àwọn míṣọ́nnárì le nínú ilé ìwé tí owó ìjọba ń wọ̀, ó le débi tó fi ni àwọn ẹlòmíì lára.

Ọdún 1970 sí 1979 ni nǹkan yí padà. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ìjọba gba ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Kì í ṣe pé wọ́n fi owó kún owó. Wọ́n gba àṣẹ, wọ́n gba ìgbìmọ̀, wọ́n gba ilẹ̀ àti ilé. Òun ló sọ ṣọ́ọ̀ṣì ilé ìwé mi di yàrá àga tó kán. Ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 náà wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní abala 38: ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ìjọ láti kọ́ ọmọ ìjọ lẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀sìn ní ilé ìwé tó jẹ́ pé ìjọ yẹn nìkan ló ń gbọ́ gbogbo bùkátà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa ilé ìwé tí ìjọ àti ìjọba jọ ń ná owó lé lórí, bíi ti Harrow, kò sí nínú abala yẹn.

Àìsí ìwé tó ṣe kedere ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa títí di ìsinsìnyí. Ní 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun dájọ́ pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù ní ilé ìwé ìjọba, àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Ìwó wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọ kíláàsì. Ní 2021, ìjọba Kwara ti ilé ìwé mẹ́wàá pa ní Ìlọrin lórí híjáàbù yìí kan náà. Ìjọ ní àwọn ló ni ilé ìwé, owó ìrànwọ́ lásán ni ìjọba ń fún wọn. Ìjọba ní ti òun ni. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo rí fọ́tò àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń ju òkúta síra wọn lẹ́nu géètì tí ọmọ ń gbà wọlé.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó lè ba ẹ̀sìn ilé ìwé jẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbàwọlé ni ibi tó ń dunni jù. Láti 2010, ilé ìwé ẹlẹ́sìn tuntun tó bá jẹ́ free school, ìyẹn irú àkádẹ́mì kan tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò lè fi ẹ̀sìn yan ju ìdajì ọmọ lọ tí àyè bá há. Torí òfin yìí ni Ìjọ Kátólíìkì fi kọ̀ láti ṣí irú rẹ̀: wọ́n ní àwọn ò lè lé ọmọ Kátólíìkì padà nítorí pé ó jẹ́ Kátólíìkì. Kò sí aáwọ̀ owó níbẹ̀ rárá. Fún àwọn Híńdù, ìbéèrè mìíràn tún wà: ta ni Híńdù? Àìmọye Híńdù ló ń jẹ ẹja, tó ń jẹ ẹran, tí wọn kì í sì ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Krishna. Ilé ìwé tó bá ní ẹni tí kì í jẹran nìkan ni Híńdù òun yóò rí ẹjọ́ láti inú ẹ̀sìn tirẹ̀ kí ìjọba tó gbọ́ rárá.

Nígbà tí a jáde níbi ìsọmọlórúkọ yẹn, àǹtí kan tó ń gbé ní Edgware tẹ̀ lé mi dé ibi tí mo gbé ọkọ̀ sí. Ó ní Krishna Avanti ló sún mọ́ òun jù, ṣé ọmọ òun tó jẹ́ ọmọ Kìrìsìtẹ́nì lè wọ ibẹ̀? Mo ní wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Tí àyè bá ṣẹ́kù, ilé ìwé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lé e nítorí ẹ̀sìn. Bí òbí kò bá fẹ́ kí ọmọ bá wọn ṣe àdúrà, kí òbí kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwé, òfin ní kí ilé ìwé yọ ọ́ sílẹ̀. Àǹtí wá bi mí nípa oúnjẹ ọ̀sán. Mo ní ẹran kò sí níbẹ̀ o, ìrẹsì àti ẹ̀wà ni kí wọ́n fọkàn sí.