Ọdún 5 tí wọ́n ṣèlérí, èwo nínú ẹrù yín ló kàn?

Ẹni tó gbé Ubuntu LTS (ẹ̀dà Linux tí wọ́n ṣèlérí ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ fún) sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó wá ń fọwọ́ sọ́yà pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà ààbò fún ọdún 5, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Ọdún 5 wà lóòótọ́, àmọ́ ìlérí Canonical, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Ubuntu, kò kọjá package (ẹrù sọ́fítíwíà) tó wà nínú repository (àká package) main àti restricted. Universe, níbi tí package tó ju 20,000 lọ wà, ọwọ́ àwọn afínnúfíndọ̀ ló kù sí. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ráyè, á tún un ṣe. Bí wọn ò bá ráyè, àlébù náà á jókòó síbẹ̀. VLC àti ffmpeg, universe ni wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n ń ṣí fídíò tí ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí fi ránṣẹ́ sí yín.

Ìlà kékeré tí apt, irinṣẹ́ tó ń gbé package wọlé, máa ń kọ nípa esm-apps (àtúnṣe ààbò fún universe), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìpolówó ọjà, ohun tó ń wí ni pé àtúnṣe ti wà tí ẹ ò tíì gbà. Ẹ tẹ `pro security-status`, á ka iye package yín tó wá láti main, láti universe àti láti ibòmíràn. Ubuntu Pro, ètò Canonical tó ń fúnni ní àtúnṣe wọ̀nyí, jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀, títí dé ẹ̀rọ 5, ó sì ń bo main àti universe fún ọdún 10. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kì í dùn sí fífi orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó rí àtúnṣe gbà. Wọn ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ gbà á ná, kí ẹ tó máa bínú.

Mi ò bá àwọn afínnúfíndọ̀ ṣẹjọ́ o. Ìwé àṣẹ GPL, tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ń lò, ti wí i pé sọ́fítíwíà náà kò ní gàràǹtì. Ohun tí mo fẹ́ ni kí “main” wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ “ọdún 5” níbi tí èèyàn ti ń gba Ubuntu, kí lẹ́tà méjèèjì sì tóbi bákan náà.

Debian, Linux mìíràn, náà ní tirẹ̀. Ikọ̀ ààbò wọn máa ń tọ́jú stable (ẹ̀dà tí wọ́n ti fọwọ́ sí) fún bí ọdún 3, lẹ́yìn náà ni ikọ̀ LTS, tí í ṣe ẹgbẹ́ mìíràn, á gbà á dé ọdún 5. Debian 10 ti parí ní June 30, 2024. Contrib àti non-free, àwọn repository rẹ̀ mìíràn, kò sí nínú ìlérí náà. Ẹ gbé package debian-security-support sórí ẹ̀rọ, kí ẹ sì tẹ `check-support-status`: á dárúkọ àwọn tí wọ́n ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú wọn.

Ní tèmi, ìlérí kúkúrú tó dúró sàn ju gígùn tó lè yẹ̀ lọ. OpenBSD, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, méjì tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n sì ń tún ṣe, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. CentOS 8, Linux mìíràn, ní 2029 lórí gẹ́gẹ́ bí òpin ìtọ́jú. Ní December 2020 wọ́n fà á padà sí òpin 2021.

Ibi tí ẹ̀rù tún ti máa ń ba èèyàn lásán ni nọ́ńbà. Nígbà tí àlébù OpenSSH (sọ́fítíwíà tí a fi ń wọ ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn), tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ CVE-2024-6387, jáde, wọ́n ní 9.8p1 ló ní àtúnṣe. Ẹni tó rí 9.2p1 lórí Debian 12 rò pé ihò ṣì ṣí sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n mú àtúnṣe náà wá sínú 9.2p1, ìrù nọ́ńbà náà ni kí ẹ wò, `1:9.2p1-2+deb12u3`. `apt changelog openssh-server` á dárúkọ CVE náà. Àwọn kan ò wò ó, wọ́n lọ kọ́ 9.8p1 fúnra wọn láti source (kóòdù rẹ̀). Láti ọjọ́ náà, apt kò mọ̀ nípa rẹ̀ mọ́. Bí àlébù mìíràn bá jáde, àwọn ni ikọ̀ ààbò ara wọn.

Àtúnṣe tó sì wọlé kò tíì ṣiṣẹ́ bí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ bá ṣì di library (kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò) àtijọ́ mú. `needrestart` á tọ́ka sí wọn. Ti kernel, ọkàn ètò Linux, sábà máa ń fẹ́ reboot (títan ẹ̀rọ padà), unattended-upgrades, tó ń gbé àtúnṣe wọlé fúnra rẹ̀, kì í sì í dá reboot ṣe àyàfi tí ẹ bá sọ Automatic-Reboot di "true". Ẹ fi `uname -r`, tó ń dárúkọ kernel tó ń ṣiṣẹ́, wé kernel tó wà nínú /boot. Ẹni tó ń lo Docker (irinṣẹ́ tó ń fi image, àwòkọ ètò, ṣe container, àpótí tí ètò ti ń ṣiṣẹ́) tún ní iṣẹ́ kan sí i: apt orí ẹ̀rọ kì í fọwọ́ kan ohun tó wà nínú image, ẹ ní láti tún image náà kọ́, kí ẹ sì fi tuntun rọ́pò container tó ń ṣiṣẹ́.