Ètè Tíṣà Kì í Ṣe Ìwé Tí Ọmọ Adití Lè Kà

"Ẹ gbé e síwájú, yóò máa wo ẹnu mi." Ohun tí tíṣà sábà máa ń kọ́kọ́ sọ nìyí tí wọ́n bá mú ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ wá sí kíláàsì rẹ̀. Inú rere ló ti wá, àwọn òbí náà sì gbà á bẹ́ẹ̀: ojú ọmọ ṣáà ń ríran, ètè tíṣà sì ń mì, kí ló tún kù? Ohun tó kù pọ̀. Kò sí èdè tí ètè ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ti Yorùbá sì tún le sí i.

Ẹ dúró síwájú dígí, kí ẹ pe "bàbá", "màmá" àti "pápá" láìjẹ́ kí ohùn jáde. Ètè pàdé, ó là, ó tún pàdé, ó tún là. Lójú ẹni tó ń wò yín, ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wá pe "tà", "dà", "nà" àti "là": ahọ́n ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn eyín, ètè kò mọ̀ sí i. "Ó ti kún" àti "ó ti kú" ńkọ́? Atẹ́gùn tó gba imú kọjá ló yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń rí inú imú. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tún wà, inú ọ̀fun sì ni wọ́n ti ń wá. Ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ tó gbé ìyàwó, ọkọ̀ tí a wọ̀ lọ sọ́jà, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ sọ: ọ̀kan ṣoṣo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ètè. Tíṣà ìṣirò pe "igba", ọmọ kò mọ̀ bóyá 200 ni, bóyá igbá ìmumi ni, bóyá ìgbà òjò ni.

A mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ń wo ẹnu tó sì ń yé wọn. Ẹ wádìí wọn dáadáa: ọ̀pọ̀ wọn ló ti mọ èdè kí etí wọn tó di, tàbí kí wọ́n ṣì máa gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ètè fún wọn ní ìdajì ọ̀rọ̀, èdè tó ti wà nínú ọpọlọ wọn sì dí àlàfo tó kù. Ọmọ tí wọ́n bí ní adití kò ní ohun tí yóò fi dí àlàfo náà. A ń fẹ́ kó fi wíwo ẹnu kọ́ èdè, bẹ́ẹ̀ èdè gan-an lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní kó tó lè wo ẹnu. Kódà ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ gan-an kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ìgbàgbọ́ yìí kò ti ọwọ́ wa bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1880, àwọn olùkọ́ adití pàdé ní Milan, ní Ítálì, wọ́n sì dìbò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ, kí èdè àmì, ìyẹn èdè tí adití ń fi ọwọ́ sọ, kúrò nílẹ̀. Àwọn tó gbọ́rọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ibẹ̀ tán. Ọdún 2010, ní Vancouver, ní Kánádà, ni irú ìpàdé yẹn kan náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé àwọn kò fara mọ́ àwọn ìpinnu ọ̀hún mọ́. Ní ti Nàìjíríà, adití fúnra rẹ̀ ni Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1960. Àrùn yírùnyírùn ló di etí rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11. Èdè àmì ló fi kọ́ àwọn ọmọ, ìdí sì nìyẹn tí èdè àmì tí à ń lò ní Nàìjíríà lónìí fi jọ ti Amẹ́ríkà gan-an.

Kí ni tíṣà yóò wá ṣe ní kíláàsì?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìjókòó. Àárín ìlà àkọ́kọ́, lábẹ́ imú tíṣà, kọ́ ló dára jù. Níbẹ̀, ọrùn ọmọ yóò máa wà lókè, kò sì ní rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Tí ẹnì kan bá dáhùn ìbéèrè lẹ́yìn, kó tó yíjú, ìdáhùn ti parí. Ẹ gbé e sí ìlà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó lè rí pátákó àti ojú àwọn ọmọ yòókù lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wá láti ẹ̀yìn rẹ̀, kó bọ́ sójú tíṣà. Tíṣà tó bá fi ẹ̀yìn ti fèrèsé, òjìji dúdú ni ọmọ ń rí.

Àṣìṣe tó ń jọba ni pé a máa ń ní kí ojú kan ṣe iṣẹ́ méjì. Tíṣà ń kọ sórí pátákó, ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń kọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí àwọn ọmọ. Tàbí kó ní "ẹ ṣí ojú ìwé 24", kó sì ti máa ṣàlàyé lọ nígbà tí ọmọ ṣì ń wá ojú ìwé náà. Ọmọ tó gbọ́rọ̀ lè máa ṣí ìwé kó sì máa gbọ́. Adití kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ojú náà ni etí rẹ̀. Nítorí náà: ẹ kọ ọ́, ẹ dákẹ́, ẹ yíjú sí wọn, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ní kí wọ́n wo àwòrán, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó tán. Tí ògbufọ̀ èdè àmì bá wà, kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nítòsí pátákó. Ọmọ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe máa wí fún ògbufọ̀ pé "bá mi sọ fún un". Ọwọ́ ògbufọ̀ máa ń gbẹ́yìn ẹnu yín díẹ̀, torí náà ẹ mí kanlẹ̀ kí ẹ tó pe ẹni tí yóò dáhùn.

Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tuntun bíi 6 sí 8 sórí pátákó, pẹ̀lú àmì ohùn lórí wọn. Ìsọkúsọ ni kí tíṣà máa ní àmì ohùn kò pọn dandan. Fún ọmọ yìí, "oko" tí kò ní àmì kankan kò sàn ju ètè lọ.

Ẹ má pariwo. Ariwo máa ń fa ẹnu gbòòrò, ètè á sì yí kúrò bó ṣe yẹ kó rí. Bí ọmọ bá ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀, ariwo á dún fàràfàrà létí rẹ̀. Sísúnmọ́ ọn ló ṣe é láǹfààní: nígbàkigbà tí àyè tó wà láàárín yín bá di ìlọ́po méjì, agbára ohùn yín á fi bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 wálẹ̀ (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó).

Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ náà fẹ́ àyẹ̀wò láràárọ̀, ìṣẹ́jú méjì tó. Ẹ fi bébà bo ẹnu, kí ẹ pe "aa", "uu", "ii", "mm", "ṣṣ", "ss", ṣùgbọ́n kí ẹ pò wọ́n pọ̀, kí ọmọ tún èyí tó gbọ́ pè tàbí kó nawọ́. Tí kò bá gbọ́ ìkankan, bátìrì lè ti kú, tàbí kí ìdọ̀tí etí ti dí ihò ike tó ń wọ inú etí. Tí ẹ̀rọ bá ń súfèé, ike náà ti tú díẹ̀ tàbí etí ọmọ ti dàgbà jù ú lọ. Tí ẹ bá bó bébà tó lẹ̀ mọ́ bátìrì tuntun, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan kí atẹ́gùn wọ inú rẹ̀ kí ẹ tó fi í sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yìí kì í sọ etí di tuntun o. Ariwo àga àti fáànù náà ló ń gbé sókè. Ẹ gé rọ́bà sílípáàsì tó ti gbó mọ́ ẹsẹ̀ àwọn àga.

"Ṣé ó yé ọ?" kì í ṣe ìbéèrè. Ọmọ yóò mi orí, nítorí ó ti rí i pé mímirí ló ń jẹ́ kí tíṣà kọjá lọ. Ẹ bi í pé "kí la máa kọ́kọ́ ṣe?", tàbí kí ẹ ní kó ya á, kó tò ó, kó ṣe é lójú yín.

Ìpè-kọ náà nílò àtúnṣe. Tí tíṣà bá ń pe ọ̀rọ̀ kí ọmọ adití kọ ọ́, etí rẹ̀ ni wọ́n ń dán wò, wọ́n á sì fún un ní òdo nínú àkọtọ́. Ẹ fún un ní àwòrán àti gbólóhùn tó ní àlàfo, kó kọ ọ̀rọ̀ sí i. Fún àkọsílẹ̀, ẹ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ní bébà kábọ̀n, kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó di méjì, kí ojú adití lè wà lára tíṣà dípò ìwé.

Nígbà tí òjò bá sì ń lu páànù, gbogbo kíláàsì ti di adití. Ẹ dákẹ́, kí ẹ mú ṣọ́ọ̀kì.