Etí ni Kèlání, ojú ni Kúnlé: èrò ọkàn tèmi

Màámi kì í jókòó wo fíìmù. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, inú kíṣìnnì ni wọ́n ti ń wò ó. Tẹlifíṣọ̀n á máa ké ní pálọ̀, àwọn á máa ro ọkà, wọ́n á sì máa dá sí i láti ibẹ̀: "Mo ti sọ fún yín pé ọkùnrin yẹn ò ṣeé gbára lé!" Ṣaworoidẹ, fíìmù Túndé Kèlání, ńkọ́? Wọ́n lè ròyìn rẹ̀ fún ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò sì rántí ọjọ́ tí wọ́n fi ojú kàn án tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé Àníkúlápó, fíìmù Kúnlé Afọláyan, sí i lọ́dún 2022, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń já wọ pálọ̀ tọmọ-orógùn-tọmọ-orógùn. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló dé tí wọ́n dákẹ́?"

Ibẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wá. Ìjà ta-ló-mọ̀-ọ́n-ṣe-jù láàárín olùdarí fíìmù méjì, Túndé Kèlání (TK) àti Kúnlé Afọláyan, kì í tán lórí Facebook yìí. Ẹni kan á ní TK ni bàbá wọn. Òmíràn á ní fíìmù TK ti gbó, ó rí bíi fídíò ìgbéyàwó. Lójú tèmi, etí ni Kèlání fi ń ṣe fíìmù, ojú ni Kúnlé fi ń ṣe tiẹ̀. (Ẹ má bínú, èmi náà ti lé ní àádọ́ta, Kúnlé ni n ó máa pè é. Ẹni ọdún 1948 ni Bàbá Kèlání, àwọn la ó fún ní "wọ́n".)

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ kámẹ́rà gan-an ni Bàbá Kèlání kọ́. Kámẹ́rà ni wọ́n gbé ní tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn n'Íbàdàn, wọ́n lọ sí London Film School, wọ́n sì wà lára àwọn tó ya Ìyá Ni Wúrà, fíìmù Ade Love, bàbá Kúnlé fúnra rẹ̀. Èèyàn á rò pé àwòrán ni wọ́n máa gbé síwájú nígbà tí wọ́n dá Mainframe, ilé iṣẹ́ fíìmù wọn, sílẹ̀. Ó tì o. Àwọn tó ni èdè ni wọ́n wá lọ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, òǹkọ̀wé, ló ni ọ̀rọ̀ inú Kòṣeégbé, Ó Le Kú, Ṣaworoidẹ àti Agogo Èèwọ̀. Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì, ni wọ́n fi ṣe Ọ̀pálábá, bàbá olówe inú Ṣaworoidẹ. Ẹ sì wo Ọ̀pálábá yẹn dáadáa: kò sáré, kò jà, kámẹ́rà ò fò sókè fò sódò nítorí ẹ̀. Bàbá Fálétí kàn ń fi ohùn gbé òwe lé òwe, ara àwọn tó dijú ń ta.

Àní, ìró ni gbogbo ìtàn Ṣaworoidẹ dúró lé. Lápìtẹ́, ọba ìlú Jogbo inú fíìmù náà, kọ̀, kò sín gbẹ́rẹ́ tó yẹ kí ọba ibẹ̀ sín, torí ó fẹ́ jẹ owó àwọn agégẹdú ní àjẹyó. Lágata, ṣọ́jà, gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé adé idẹ lérí. Ìlù tí wọ́n ń pè ní ṣaworoidẹ dún, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó di òkú. Kò sí ìbọn, kò sí ọ̀bẹ. Ìlù ló pa á! Ọdún 1999 ni fíìmù náà jáde, ọdún tí àwọn ṣọ́jà tiwa gan-an gbéjọba sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wá túmọ̀ Jogbo fún òun.

Kúnlé wà nínú fíìmù yẹn, òun ló ṣe Arẹ́sẹ̀jábàtá. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í darí eré, ọ̀nà mìíràn ló gbà. Ẹ wo The Figurine tó ṣe lọ́dún 2009. Ère Araromire ló wà nídìí ọ̀rọ̀, ère kì í sì í sọ̀rọ̀. Ọdún méje ni ẹni tó gbé e fi ń là, ọdún méje ni yóò fi máa fojú winá, àwa tí à ń wò ó ni ẹ̀rù ń bà. October 1 náà, ojú òṣèré Sadiq Daba nìkan ni mo wò títí tó fi parí.

Kí n padà sí Àníkúlápó. Wọ́n ti lu Saro, ọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, pa, ó nà gbalaja sínú igbó. Ẹyẹ àkàlà dé sí i lórí, ẹ̀mí padà sára òkú. Òwe Ìṣọ̀lá kankan ò lè ṣe ohun tí àwòrán yẹn ṣe. Màámi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pálọ̀, wọ́n gbàgbé pé àwọn gbé nǹkan kaná. Ẹ̀fọ́ ọjọ́ yẹn, jíjóná la jẹ ẹ́.

Ẹnu ni ìjà èmi àti Kúnlé wà. Ó kọ́ ìlú sí Igbójàyè ní Òkè-Ògùn, ó wọ aṣọ òfì fún wọn, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sí wọn lọ́rùn, gbogbo ẹ̀ bójú mu. Kí òṣèré kan wá yanu báyìí, ojú wà l'Ọ́yọ̀ọ́, ahọ́n wà ní Súrùlérè. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Màámi, wọn ò gba gbẹ̀rẹ́ lórí èyí. "Ṣé Gbọ̀ngán ni Saro yìí ní òun ti wá? Gbọ̀ngán ti ibo?" Tí Táíwò Hassan bá ń sọ̀rọ̀ bí Aláàfin, wọ́n á dákẹ́. Tí àwọn ọ̀dọ́ bá gba ọ̀rọ̀, wọ́n á pòṣé.

Kí n má ṣègbè o. Bàbá Kèlání náà máa ń wàásù jù nígbà míì, àwọn fíìmù Gẹ̀ẹ́sì wọn, bíi Dazzling Mirage, kò sì wọ̀ mí lára rárá, torí etí tí mo ń sọ yìí ò ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ń fi àwòrán Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ṣẹ̀sín kó rántí pé 1993 ni, orí kásẹ́ẹ̀tì fídíò la ti wò ó. Netflix wo ló fẹ́ fún wọn lówó nígbà náà?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ Kúnlé, àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ ẹ̀: Mokalik, ti 2019. Wọ́n mú ọmọkùnrin kékeré kan, Pọ́nmilé, lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò sí ààfin, kò sí àkàlà, ìsọ̀ mẹkáníìkì náà ni. Àpárá lẹ́nu ọ̀gá, èébú lẹ́nu ọmọṣẹ́, irọ́ lẹ́nu gbogbo wọn. Màámi rẹ́rìn-ín láti kíṣìnnì títí wọ́n fi ṣe é tán, wọn ò jáde lẹ́ẹ̀kan. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Bàbá Kèlání gbé Àyìnlá jáde, ìtàn Àyìnlá Ọmọwúrà, ni Màámi bá fi kíṣìnnì sílẹ̀ torí kí wọ́n lè rí bí Lateef Adedimeji ṣe ń ṣe bí Àyìnlá. Ẹ ò rí nǹkan? Àwọn méjèèjì pààrọ̀ ibi ìjókòó mọ́ wa lọ́wọ́.

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, mo ní kí n gbé Ìjọ̀gbọ̀n, fíìmù Kúnlé, sí i. Màámi pariwo láti ẹ̀yìn ìkòkò: "Ti gbígbọ́ ni àbí ti wíwò? Kí n mọ̀ bóyá kí n sọ ọbẹ̀ kalẹ̀."