Ògiri St Dunstan-in-the-East kì í ṣe iṣẹ́ Wren

Tí ẹ bá ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí fọ́tò ibẹ̀: ògiri òkúta tí kò ní òrùlé, fèrèsé gàgàrà tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìtàkùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, ìyàwó tuntun lórí bẹ́ǹṣì. St Dunstan-in-the-East ni wọ́n ń pè é, láàárín Great Tower Street àti Lower Thames Street. Ohun tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ fọ́tò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ṣọ́ọ̀ṣì àtayébáyé ni, Christopher Wren, gbajúmọ̀ ayàwòrán-ilé, ló tún un kọ́ lẹ́yìn iná ńlá tó jó Lọ́ńdọ̀nù ní 1666, bọ́ǹbù Jámánì ló wó o.

Àbúrò mi obìnrin gbé irú rẹ̀ sórí WhatsApp. Mo pè é, mo ní, "Nínú gbogbo ohun tó o kọ yẹn, ti bọ́ǹbù nìkan ló tọ̀nà." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ohun tí gbogbo ayé ń sọ náà nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni wọ́n ń sọ, òun ló sì mú mi kọ èyí. Ògiri tí gbogbo wa ń fara tì ya fọ́tò yẹn, Wren ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Oṣù Kọkànlá ọdún 1817 ni wọ́n fi í lélẹ̀, ìjọ sì wọ inú rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1821.

Ìjọ fúnra rẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀ o. Láti nǹkan bí ọdún 1100 ni ṣọ́ọ̀ṣì ti wà lórí ilẹ̀ yẹn, tí wọ́n fi orúkọ Dunstan sọ, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury tó kú ní 988. Nígbà tí iná 1666 jó ṣọ́ọ̀ṣì 87 ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kàn wọ́n, àmọ́ kò jó ilé wọn kanlẹ̀. Ibi tí àṣìṣe ti wọlé nìyí. Wren àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ tún ṣọ́ọ̀ṣì tó lé ní 50 kọ́ lẹ́yìn iná náà, orúkọ rẹ̀ sì bo gbogbo àdúgbò mọ́lẹ̀. Àwọn ará St Dunstan ní tiwọn, àtúnṣe ni wọ́n ṣe, láàárín 1668 sí 1671. Ilé gogoro ni Wren wá kọ́ mọ́ ọn, láàárín 1695 sí 1701.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, nítorí ilé gogoro yẹn rẹwà. Ẹ gbójú sókè tí ẹ bá débẹ̀. Igun mẹ́rin rẹ̀ ni òkúta mẹ́rin ti tẹ̀ jáde bí ọrun, wọ́n lọ pàdé lókè, orí ibi tí wọ́n ti pàdé sì ni ṣóńṣó tín-ín-rín náà dúró lé. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹ óo máa rí sánmà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn mẹ́rin bá na apá sókè láti gbé igbá kan. Wren kì í sábà kọ́lé bẹ́ẹ̀. Àrà Gothic, ìyẹn àrà ayé àtijọ́ tí orí fèrèsé rẹ̀ máa ń ṣe ṣóńṣó, ló lò níbẹ̀ kí ó lè bá ara ilé àtijọ́ mu.

Ara ilé àtijọ́ yẹn ni kò tọ́jọ́. Òrùlé tó wúwo kì í tẹ ògiri mọ́lẹ̀ nìkan, ó tún máa ń tì í síta, bí ẹsẹ̀ ẹni tó yàkàtà dúró lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Nígbà tó fi di 1817, ògiri ti fi íǹṣì 7 yẹ̀ síta. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ óo rí bí ó ti pọ̀ tó. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n tú òkè nìkan. Nígbà tí wọ́n rí bí ilé náà ti bàjẹ́ tó, wọ́n wó gbogbo rẹ̀, àfi ilé gogoro Wren. Dùùrù ńlá wọn pàápàá ti kúrò níbẹ̀ lọ sí ìlú St Albans ní 1818.

David Laing, ayàwòrán-ilé àwọn aṣọ́bodè, ló ya ilé tuntun, William Tite sì ràn án lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ bàtà 115 ni gígùn rẹ̀, 65 ni ìbú rẹ̀. Òkúta Portland ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àjà inú rẹ̀ tó dà bí òkúta, pílásítà ni. Laing ṣe fèrèsé rẹ̀ ní àrà ayé àtijọ́ kí ó lè bá ilé gogoro mu, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ojú wa kò fi ìyàtọ̀ hàn wá mọ́.

Ọdún 120 péré ni ilé náà lò kí bọ́ǹbù tó bà á ní 1941. Ilé gogoro dúró digbí. Nínú iṣẹ́ Laing, ògiri àríwá àti ti gúúsù ló ṣẹ́ kù. Wọn ò tún un kọ́. Ní 1967 ni City of London Corporation, ìyẹn àwọn tó ń ṣàkóso apá Lọ́ńdọ̀nù yẹn, pinnu láti fi ibẹ̀ ṣe ọgbà, wọ́n sì ṣí i ní 1971. Ìtàkùn tó ń mú wa rò pé ibẹ̀ ti wà láti ìgbà ìwásẹ̀, ara ọgbà yẹn ni.

Ó dùn mí pé orúkọ Laing kì í jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn gbogbo fọ́tò. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ gba St Dunstan's Hill, ẹ óo rí ilé ńlá kan ní òdìkejì Lower Thames Street, tó kọjú sódò. Custom House nìyẹn. Òun náà ló kọ́ ọ, ó parí rẹ̀ ní 1817, ọdún tí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀. Ní 1825 ni igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún ìpìlẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, àárín ilé wó, okìkí Laing sì bá a lọ. Robert Smirke ni wọ́n pè wá tún àárín náà kọ́. Apá rẹ̀ ti ìwọ̀-oòrùn ṣì jẹ́ ti Laing; ti ìlà-oòrùn, bọ́ǹbù bà á jẹ́ nígbà ogun, wọ́n sì tún un kọ́.