Àtúnṣe: Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ajá ń wò lójú olówó rẹ̀

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé ẹranko ò mọ ìfẹ́, pé torí oúnjẹ nìkan ni ajá ṣe ń tẹ̀lé èèyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní 2015, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Japan yẹ ìtọ̀ ajá àti ti olówó rẹ̀ wò fún oxytocin, èròjà tó máa ń pọ̀ lára ìyá tó ń tọ́mọ. Àwọn tó wojú ara wọn pẹ́, tiwọn lọ sókè, àtajá àtèèyàn. Ti ìkookò tí èèyàn tọ́ dàgbà ò rí bẹ́ẹ̀ (ẹ má fi ti ajá díwọ̀n gbogbo ẹranko o). Lóòótọ́, oúnjẹ wà níbẹ̀; àmọ́ ajá tó yó bámúbámú ṣì ń jùrù tí olówó rẹ̀ bá wọlé.

Ìwé ìròyìn Science ló gbé e jáde. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí Google. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí tàkọ́kọ́.