Àìsí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní kí aago kọ̀ǹpútà má bára mu
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ fún àwọn ọmọ Agbowó, pé níbi tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi kí wọ́n máa fọwọ́ tún aago kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ṣe, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Aago tí a fọwọ́ tò kì í pẹ́ yà síra. Bí ìyàtọ̀ náà bá sì ju ìṣẹ́jú 5 lọ, Kerberos (ètò tó ń yẹ ẹni tó fẹ́ wọlé sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò), tí a kò bá yí ìtò rẹ̀ padà, kò ní gbà wọ́n wọlé. Kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kan ṣe olórí: nínú chrony.conf rẹ̀ (fáìlì ìtò chrony, ètò tó ń mú aago kọ̀ǹpútà bára mu), kí wọ́n kọ "local stratum 10", kó lè máa fi aago tirẹ̀ dá àwọn yòókù lóhùn, àti "allow" pẹ̀lú àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, kó lè gbà wọ́n láyè láti béèrè àkókò. Nínú ti àwọn yòókù, kí wọ́n kọ "server", àdírẹ́sì olórí, àti "iburst" (kí aago wọn lè tètè bára mu) sórí ìlà kan. Gbogbo wọn á bára mu, bí olórí fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ tọ̀nà tán. Ẹni tó bá fẹ́ àkókò gidi, kó so GPS, ẹ̀rọ tó ń gba àkókò láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, mọ́ olórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún wọn kí iṣẹ́ wọn má bàa bàjẹ́.